Ògiri Tí Wọ́n Fi Ọ̀wẹ̀ Mọ

Ẹnu bàbá arúgbó kan, ará Ireland, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, nílé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè é. Èmi ò lè la ẹnu pe orúkọ ẹni tó ju bàbá mi lọ. Dádì ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi.

Pápá ìṣeré àgbègbè wọn ní Ireland ló máa ń ròyìn, níbi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Pápá màlúù ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ọ́, abúlé kọ̀ọ̀kan fi ẹṣin wọ́ òkúta wá, wọ́n mọ ògiri yí i ká. Kò sẹ́ni tó gbowó. Àwọn obìnrin gbé tíì àti búrẹ́dì wá.

"Ọ̀wẹ̀ nìyẹn, Dádì," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n iyán àti ẹran la fi ń bọ́ àwọn tó bá wa ṣe é, kì í ṣe búrẹ́dì lásán."

"Abájọ! Wọ́n á yó tán, wọ́n á sùn, ògiri yín á wó."

Òkúta tí bàbá rẹ̀ gbé wá wà nínú ògiri náà, lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó kú. Mo máa ń dá a lápàárá pé kó mú mi dání.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Grayson lọ́jọ́ kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní wọ́n ti wó ògiri náà, wọ́n fẹ́ to àga tuntun fáwọn òǹwòran síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un."

Kò tiẹ̀ yẹ kó bẹ̀ mí. Nílé wa, a kì í ṣàdédé sọ ìròyìn òfò fún àgbà. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kú, ó pẹ́ ká tó jẹ́ kí bàbá mi gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bá Dádì de bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ló bá ní, "O ò sọ pé kí n mú ẹ dání mọ́. Wọ́n ti wó ògiri náà, àbí?"

Mo tẹrí ba. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì."

Kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ń fi àtàńpàkò pa á, bí ẹni ń wá ojú òkúta.

"Ó dáa," ló wí. "Ìwọ náà, bá mi gbé òkúta bàbá mi."

Kí igi tó wọ́wé lọ́dún náà, Dádì ti jáde láyé. Mo ṣì ń gbé ìtàn òkúta náà kiri, ọrùn sì ti ń wọ̀ mí. Ìwọ tó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi yìí, ṣé wàá bá mi gbé e?