Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Náà Ń Gbà Jáde

Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ọjọ́kọ́jọ́ tí a bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ, tó bá ti di nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, orí àwa nọ́ọ̀sì tíátà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú wa yóò wúwo bí ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú. A máa ń sọ pé ebi ni. A ó mu gaàrí, a ó lo oògùn, a ó gba ilé lọ. Bí mo bá délé, ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, á ní òun ń gbọ́ òórùn kan nínú irun mi, tó dùn díẹ̀ bí òórùn èso tó ti pọ́n jù. Òórùn afẹ́fẹ́ tí a fi ń kun aláìsàn lóorun ni. Èmi ti gbọ́ ọ títí tí imú mi kò fi mọ̀ ọ́n mọ́.

Ilé ìwòsàn wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tóbi. Yàrá iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo, tí à ń pè ní tíátà, la ní, wọ́n sì ti kan fèrèsé rẹ̀ pa nítorí eṣinṣin àti eruku ọyẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà lára ògiri, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà tó tún ń tú síbẹ̀. Ọkùnrin àgbà kan, nọ́ọ̀sì bíi tiwa, ló ń kun àwọn aláìsàn lóorun. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ orí aláìsàn ló máa ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ lórí àpò rọ́bà dúdú kan tó ń wú tó ń rọ̀ bí aláìsàn ti ń mí. Tí iṣẹ́ bá pẹ́, á máa ṣàwàdà pé òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ, àwa á sì rẹ́rìn-ín.

Oyún mi àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní oṣù kẹta. Ìkejì wálẹ̀ ní oṣù kẹrin, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ń na sísọ́ọ̀sì sí dókítà nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi. Ìyá ọkọ mi gbé àgbo wá láti Odogbolu, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó mi, kí ni wọ́n ń ṣe fún ọ níbi iṣẹ́ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

"Ara ọmọ mi le, ara tìẹ náà le. Ibi tí ò ń lọ láràárọ̀ ni kó o yẹ̀ wò."

Inú bí mi. Mo rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń fura sí, pé wọ́n ń ṣe mí ní nǹkan. Mo mu àgbo náà.

Ọdún tí àwọn sójà tún gba ìjọba, dókítà obìnrin kan wá bá wa ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ tíátà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó ń fa imú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, afẹ́fẹ́ tí aláìsàn yìí ń mí síta, ibo ló ń gbà jáde?"

Bàbá nàka sí ihò kékeré kan lára rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀gangan àyà òun fúnra rẹ̀. "Ibí ni, Dókítà."

"Tó bá ti jáde níbẹ̀ ńkọ́? Ibo ló ń lọ?"

Gbogbo wa kàn ń wo ara wa lókè ìbòmú.

Lẹ́yìn iṣẹ́, dókítà náà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ti gbọ́ nípa oyún méjèèjì. Ó ní àwọn oníṣègùn òkè òkun ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé oyún máa ń bàjẹ́ lára àwọn obìnrin tíátà ju tàwọn mìíràn lọ, pé afẹ́fẹ́ náà sì lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́.

"Kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú," ó ní. "Èmi náà kò lè búra. Ṣùgbọ́n tó o bá tún lóyún, má dúró síbí."

Mo ti lóyún nígbà yẹn. N kò tíì sọ fún ọkọ mi pàápàá.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá mẹ́tírọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Màá gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́, ṣé o gbọ́? Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn, má jẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde. Ìjọba ti dá àwọn kan dúró níṣẹ́, àwa tó kù kò tó nǹkan. Tí gbogbo yín bá sá kúrò ní tíátà, ta ni yóò gba àwọn tí ọmọ há mọ́ nínú sílẹ̀?"

"Ẹ ṣé, mà," mo ní. Ara tù mí débi pé n kò ronú kan ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ẹni tó máa rọ́pò mi wá: ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣòwò aṣọ nínú ìlú. Kò tíì pẹ́ tó ṣe yìgì, làálì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Mo fi ibi tí a ń kó ìbọ̀wọ́ sí hàn án, mo kọ́ ọ bí a ti ń se àwọn irin iṣẹ́. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí wù mí gan-an. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi í sílẹ̀?"

Bàbá gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí," mo ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà."

Mo ṣe àmín.

Oyún mi kọjá oṣù kẹta, ó kọjá ìkẹrin. Orí kò fọ́ mi mọ́. Lọ́jọ́ kan, nídìí ẹ̀rọ omi, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun náà ti lóyún. Mo kí i kú oríire. Mo ní kó máa sinmi dáadáa. Kí ló dí mi lẹ́nu? Mo bẹ̀rù mẹ́tírọ̀nù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bẹ̀rù jù ni pé tí òun bá kọ̀ láti wọ ibẹ̀, èmi ni wọ́n máa dá padà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n ní ó wà ní wọ́ọ̀dù. Oyún náà ti wálẹ̀. Mo gbé ikùn ńlá mi lọ síwájú rẹ̀, ìtìjú sì bò mí. Òun ló ń tù mí nínú.

"Ẹ má sunkún, Ẹ̀gbọ́n, nítorí tinú yín. Bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ ẹ ni."

N kò lè fara dà á. Nígbà tó padà sílé, mo lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ká aṣọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi yàrá náà hàn mí?"

"Mo mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín nídìí omi ńkọ́?"

"Mo mọ̀."

Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá," ó ní. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí èmi kò láyà láti ṣe, òun ló ṣe é. Bó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sọ fún mẹ́tírọ̀nù lójú gbogbo wa pé òun kò ní wọ tíátà mọ́ àyàfi tí wọ́n bá wá ọ̀nà àbájáde fún afẹ́fẹ́ náà. Mẹ́tírọ̀nù pariwo mọ́ ọn. Bàbá, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ló dìde, ó ní òun náà kò ní kun ẹnikẹ́ni lóorun. Ó ní ó tó ọdún mẹ́ta tí ara òun kò ti yá, òun kàn ń pa á mọ́ra ni.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, káfíńtà yọ gíláàsì kan lára fèrèsé, wọ́n so rọ́bà gígùn mọ́ ihò ẹ̀rọ náà, wọ́n gbà á jáde sẹ́yìn ilé. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọbìnrin náà bímọ, méjì tẹ̀ lé ara wọn. N kò mọ̀ títí dòní bóyá afẹ́fẹ́ yẹn ló mú ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń kí mi bí ọmọlúàbí ti ń kí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò tún bá mi jókòó sọ̀rọ̀ rí.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọbìnrin mi, mo pọ̀n ọ́n gba ẹ̀yìn tíátà kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ abẹ ń lọ. Ẹnu rọ́bà náà yọ síta lókè koríko, òórùn náà sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Obìnrin kan tó ń dúró de èèyàn rẹ̀ tẹ́ ẹní sí abẹ́ rọ́bà náà gan-an, níbi tí ibòòji wà. Oyún wà nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kúrò níbẹ̀," mo ní.

"Kí ló dé, nọ́ọ̀sì? Ṣé ẹnì kan ló ni ibẹ̀ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn, mo bá a ká ẹní rẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.