Veijo Tó Ṣòfin Ilẹ̀kùn

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ ìtàn iṣẹ́ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Ilé iṣẹ́ wa níbí ní Oulu ló ń ṣe ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè má baà wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ irú èèyàn tó ń darí wa, ojú ìwé tí mo ń kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa kà. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹni tó ti ṣe ọ̀gágun rí, mo máa kọ pé ó mọ ètò ààbò. Ẹni tó ti darí báńkì, mo máa kọ pé ó mọ ìṣúná. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan pàtó, mo máa kọ pé ó ní ìrírí tó gbòòrò. Veijo Rautanen nìkan ni mi ò rí nǹkan kọ fún, bẹ́ẹ̀ òun ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Haukipudas ni wọ́n bí i sí, létí òkun, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń la gẹdú. Ó wọ yunifásítì nígbà òtútù kan, ó sì ti sá jáde kí yìnyín tó yọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Helvi ìyàwó rẹ̀ ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, torí Veijo ò lẹ́nu rárá. Bí o bá kí i, ó lè jẹ́ ọ̀la ló máa dáhùn. Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan gbé kọ̀ǹpútà kan wá tó ń hùwà bíi pé ó ti ya wèrè. Kò sí nǹkan tó jó nínú rẹ̀, kò sí nǹkan tó já. Fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Veijo jókòó tì í títí ó fi rí ibi tí nǹkan náà gbà wọlé, ó sì dí ibẹ̀ pa. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Òun náà ló ṣòfin ilẹ̀kùn. Nígbà tí a ṣì kéré, wọ́n dá ọkùnrin kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbàgbé láti pa káàdì tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà padà wọlé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì nu ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa nù. Veijo tí kì í gbóhùn sókè pariwo lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí orúkọ èèyàn bá ti kúrò nínú ìwé báyìí, gbogbo ilẹ̀kùn á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé kó kó ẹrù rẹ̀ ná. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi káàdì tirẹ̀ mú un wọlé. Ẹni tó bá dán an wò, òun náà á tẹ̀ lé e lọ sílé.

“Bí wọ́n bá wá yọ ìwọ náà ńkọ́?” Helvi bi í léèrè níbi àríyá ọdún Kérésì wa kan, níwájú gbogbo èèyàn.

“Kí wọ́n tì í mọ́ mi. Bó jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà, kí wọ́n tì í.”

“Gbọ́ ẹnu ọkọ mi! Má dààmú, màá máa ti pulla sí ọ lábẹ́ ilẹ̀kùn.”

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Pulla ni búrẹ́dì aládùn tí a fi ń mu kọfí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Helvi ní gbogbo àdúgbò wọn.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa Helvi. Wọn ò bímọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Veijo bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìgbìmọ̀ ń jókòó. Ó máa jókòó sí ilé ìdáná wa, á bu kọfí, á gbójú sójú fèrèsé, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù orí yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ariwo wọn ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

“Rárá,” ló fèsì. “Ibí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn.”

Fún Veijo, odindi ìwàásù nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sáré lọ fọ ife tí kò dọ̀tí.

Ìgbà tó yá, àwọn mìíràn ra èyí tó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìtàn iṣẹ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wé ara wọn, kí àwọn tó mọ ẹni tí àwọn máa dìbò fún. Veijo wá bá mi nídìí tábìlì mi, ó ń yí fìlà òtútù rẹ̀ po lọ́wọ́.

“Sirkka, bá mi kọ ọ́ dáadáa. Mi ò fẹ́ kúrò.”

Mi ò gbọ́ kó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Mo ṣí ojú ìwé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Ó yá, kí ni ká fi bẹ̀rẹ̀?”

“Mo tún tẹlifíṣọ̀n ṣe.”

“Veijo, èyí tí wọ́n máa kà tí orí wọn á wú ni mò ń wí. Ká kọ pé o kàwé ní yunifásítì.”

“Ìgbà òtútù kan ṣoṣo.”

“Ṣé wọ́n ní ká kọ iye rẹ̀ ni?”

“Irọ́ ni.”

“Irọ́ kọ́! Ṣe ni a kàn fẹ́ pa ẹnu mọ́ díẹ̀. Ìwọ tí o lè dákẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀!”

Ó rẹ́rìn-ín sínú, àmọ́ ó mi orí. “Ibi tí èèyàn bá bò mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni olè máa gbà wọlé. Kọ tẹlifíṣọ̀n.”

Mo kọ tẹlifíṣọ̀n. Kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, Gunilla Stenfors, alága wa, wá dúró tì mí. Èèyàn burúkú kọ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí mi ò rí ẹni bú.

“Àwọn tó rà wá ti yan àwọn tí wọ́n máa dìbò fún: ọ̀gágun ti wọlé,” Gunilla wí, “obìnrin tó darí báńkì ti wọlé, lọ́yà náà ti wọlé. Kí ni kí n sọ fún wọn pé Veijo mú wá?”

“Sọ fún wọn pé ilé tí wọ́n rà, òun ló kọ́ ọ.”

“Mo sọ ọ́. Wọ́n ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, pé iṣẹ́ tó kù níwájú ni àwọn ń bi mí.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ó dùn mí, Sirkka.”

Ó lọ sọ fún Veijo nílé ìdáná pé wọn ò ní dìbò fún un. Mo rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Veijo mi orí pé òun ti gbọ́, ó fọ ife rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ síbi tí ó máa ń gbé e kọ́ sí.

Oṣù kẹta ni ìpàdé ọdọọdún bọ́ sí, òtútù ṣì mú bí nǹkan míì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, gbogbo wa kó fóònù wa sínú àpótí onírin lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lókè, nítorí pé fóònù lè gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́. A ti ra kéèkì ńlá láti fi dá Veijo lọ́lá, ọ̀gágun sì ti kọ ọ̀rọ̀ tó máa fi yìn ín. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dìbò, Veijo dìde, ó fi kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Mo gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀. Mò ń bọ̀.”

Wọ́n dìbò. Gunilla kan òòlù mọ́ tábìlì, lọ́yà tẹ orúkọ àwọn tuntun sínú kọ̀ǹpútà, a pàtẹ́wọ́. Veijo ò padà dé. Ọ̀gágun wo àga tó ṣófo, ó wo Gunilla.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” Gunilla wí jẹ́ẹ́. “Ó fẹ́ dá wà.”

Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá fi ìbànújẹ́ rẹ̀ jáde, a kì í tẹ̀ lé e. Ọ̀wọ̀ ni a kà á sí. Ọ̀gágun yin àga. Ó yìn ín dáadáa, èmi náà sunkún. A gé kéèkì, a mu kọfí. Ìgbà tí wọ́n ń kó àwo ni mo tún rí kóòtù yẹn lórí àga. Ta ló ń dá wà níta láìwọ kóòtù ní Oulu nínú oṣù kẹta?

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló tẹ̀ lé ara wọn: ti ìta tí ẹnikẹ́ni lè taari wọlé lọ́sàn-án, àti ti inú tó ń gba káàdì. Láàárín wọn ni Veijo jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń bọ́ bàtà yìnyín, ó di àpò bébà kan mọ́ àyà. Aago tí ó ti tẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tábìlì agbàlejò ló ń dún sí, ẹni tó sì ń jókòó níbẹ̀ wà lókè, ó ń jẹ kéèkì lọ́dọ̀ wa. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì fi ẹsẹ̀ dì í mú.

“Veijo! O ti wà níbí látàárọ̀?”

“Ó ṣiṣẹ́, Sirkka,” ló wí. Ètè rẹ̀ ti gan fún òtútù, ó sì ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Mi ò tíì dé ibi àtẹ̀gùn tí ilẹ̀kùn fi mọ̀ pé wọ́n ti yọ mí. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“Wọlé, jọ̀ọ́. Gbogbo wọn wà lókè.”

“Káàdì rẹ nìyẹn. O ò gbọ́dọ̀ fi mú mi wọlé.”

“Òfin rẹ ti ya wèrè!” Mo ti ń sunkún. “Ta ló máa rí wa?”

“Èmi.” Kò dìde. “Bá mi mú kóòtù mi wá.”

Mo gbé e wá. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ fún un bí ọmọdé ni mo rí ohun tó wà nínú àpò náà. Pulla ni, wọ́n wọ́, abẹ́ wọn ti jó.

“Èmi ni mo ṣe é,” ó wí. “Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Fún àwọn ọ̀dọ́ ilé ìdáná ni.” Ó ká ẹnu àpò náà pa. “Helvi ló yẹ kó tì í sí mi lábẹ́ ilẹ̀kùn.”

Ó gbé àpò náà lé mi lọ́wọ́, ó fa fìlà rẹ̀ bo etí, ó sì taari ilẹ̀kùn ìta. Ilẹ̀kùn náà ṣí fún un wẹ́rẹ́. Jíjáde ò gba káàdì lọ́dọ̀ wa, bó ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ó rìn lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Mo gbé pulla náà dé ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó mú nínú rẹ̀, torí kéèkì ti kún ikùn wọn. Mo jẹ ẹ́ tán, èmi nìkan, pẹ̀lú ibi tó jó. Lẹ́yìn náà mo lọ sídìí tábìlì mi, mo pa ìlà tẹlifíṣọ̀n rẹ́ kúrò lójú ìwé ìgbìmọ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni.