Sùtánà mi àti pẹ́náritì tí mo ní mo lè gbá wọlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ti kó bá mi ní Dagenham nílùú Òyìnbó níbí lónìí.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ni mo ti lọ wo Bùkọ́lá ọmọ mi, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi, ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí i. Bùkọ́lá gbá pẹ́náritì sókè réré, wọ́n sì pàdánù.

Bí wọ́n ṣe parí ni ẹnu mi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kóòṣì ò mọ iṣẹ́, ẹ̀yìn ló kó gbogbo wọn sí. Mo ní, "Pẹ́náritì wo nìyẹn? Ẹsẹ̀ lásán báyìí ni màá fi gbá a wọlé!"

Bùkọ́lá kúkú gbọ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. "Daddy, ó yá, come and show us."

Mo ká sùtánà sókè, mo sáré sí bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, gbìì! Inú ẹrẹ̀ ni mo bá ara mi. Bọ́ọ̀lù ò tiẹ̀ kúrò lójú kan.

Ọmọ mi kọjú sí kóòṣì. "Coach, abeg, sub Daddy off."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára aṣọ funfun? Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá pẹ́náritì, kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà ẹ̀ ná.