Ìwé Òfin Nínú Kòkó

Bí mo bá ti gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, òórùn tó kan díẹ̀ bí ọtí àná, ẹsẹ̀ Àǹtí mi ni mo máa ń rántí.

Ó wálé ìsinmi láti yunifásítì. Ìdánwò kan ló kù kó tó lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin l'Ékòó. Ṣùgbọ́n kòkó kún orí sìmẹ́ǹtì níwájú ilé wa, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ tú u kó lè gbẹ dọ́gba. Màmá wa wo ìkúukùu tó ṣú sórí Òkè Ìdànrè.

"Bí òjò bá fi pa kòkó yìí, kò sí Èkó mọ́ o."

Ni Àǹtí bá gbé ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀ nínú kòkó, ó ń ka òfin lédè òyìnbó ní àkọ́sórí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ. Èmi ń tẹ̀lé e, sìmẹ́ǹtì ń jó mi lẹ́sẹ̀. Bó bá kà díẹ̀, á bi mí pé, "Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wà, Àǹtí."

Nígbà tó yá, ó dúró, ó ní ó ti rẹ òun. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó rọra yí i, torí mo ti dorí rẹ̀ kodò. Kò bá mi wí.

Àgbà ló jẹ́ kó yé mi pé ó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé n kò tíì mọ̀wé kà.

"Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?" ó tún bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ló wà, Àǹtí."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún wọ́ ẹsẹ̀ wọnú kòkó.