Bébà tí oòrùn jó lójú Bàdírù

Orí ẹ̀gbọ́n mi Bàdírù pé o. Èmi Bushrat, àbúrò rẹ̀, ni mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo France Road ló ń bi mí, ní Yorùbá àti ní Haúsá, bóyá nǹkan ń ṣe é. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tì ló fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa, Alàájì Ṣàràfá, fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá ti sí kọ́sítọ́mà, oòrùn ló máa ń yà ní fọ́tò.

Kámẹ́rà onípákó bàbá wa ló ń lò, èyí tí dígí ojú rẹ̀ tóbi bí agolo mílíìkì. Á fi bébà fọ́tò àtijọ́ sínú rẹ̀, á kọjú rẹ̀ sí oòrùn, á sì fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí méjì, títí àwòrán ohun tó wà níwájú rẹ̀ á fi hàn lára bébà náà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àfi ọjọ́ tó fa bébà kan yọ tí mo rí i pé ọ̀nà tí oòrùn gbà lójú ọ̀run ti jó bébà náà lu. Ẹnu yà mí. Mo fọwọ́ kan etí ihò náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀ lé e kiri, tí mò ń da ìbéèrè bò ó.

Igi dongoyárò kan wà níwájú ilé wa. Bàbá ló gbìn ín lọ́dún tó gbé Màámi wá sí Kánò láti Ìwó. Àwọn tó ń fẹ títì wá sọ pé Mọ́ńdè làwọn máa gé e. Bẹ́ẹ̀ bébà kan ṣoṣo ló kù nínú páálí. Bàdírù ní òun fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ Sọ́ńdè gun igi náà láti ìsàlẹ̀, kó sì kọjá lọ sójú ọ̀run, kí igi náà má baà lọ lásán. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sí àgbàlá iwájú ilé, ó kọjú rẹ̀ sí igi náà, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ká má fọwọ́ kàn án. Màámi nìkan ló gbàgbé láti kìlọ̀ fún.

Màámi jáde wá ṣe àlùwàlá wàláhà, ló bá rí èéfín tó ń rú jáde lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹni tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí ní Sábọ̀n Gàrì kì í dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Gbogbo omi inú bútà ló dà sí i.

Inú bí mi, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Bàdírù gbé kámẹ́rà wọ yàrá òkùnkùn, ó fi háípò, oògùn tí kì í jẹ́ kí fọ́tò pa rẹ́, fọ bébà náà, ó sì sá a sórí okùn. Omi kì í pa bébà fọ́tò lára. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò náà, ìlà tí oòrùn jó ti gun igi náà dé ewé orí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Màámi wò ó títí. "Ṣé mo ti ba igi bàbá yín jẹ́ ni?"

"Rárá, Màámi. Oòrùn ló fẹ́ kọjá lọ. Ẹ̀yin lẹ dá a dúró sórí igi Bàbá." Bàdírù ló fèsì.

Màámi tí kò sunkún lójú wa lọ́jọ́ tá a sin Bàbá, bú sẹ́kún. Ó ká bébà náà lórí okùn tòun tomi, ó gbé e wọ yàrá rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, nígbà tí ẹ̀rọ ìgégi ń ké lẹ́nu ọ̀nà, a pè é títí kó wá wo igi náà kẹ́yìn. Kò jáde.