Súwẹ́tà Tí Bàbá Mi Ní Kí N Tú

"Fẹ́mi, ojú òwú kan ti bọ́ lápá súwẹ́tà rẹ yìí. Bá mi tú u." Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n kú lọ́jọ́ kejì.

Àgbẹ̀ ni wọ́n, ní ìlú Ìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣubú lórí igi obì tí ẹsẹ̀ wọn kán, nọ́ọ̀sì kan kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun òwú. Ẹsẹ̀ san, wọn ò fi híhun sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Afọláyan, ìwọ tó ń hun fìlà ọmọ tuntun!"

Bàbá á ní, "Gbé orí wá kí n wọ̀n ọ́n."

Tí ọyẹ́ bá dé, àwọn náà ló ń wá tọrọ súwẹ́tà. Bí ojú kan bá bọ́, bàbá á tú gbogbo rẹ̀, wọn á tún un hun. Iṣẹ́ wọn ò lábùkù rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bísọ́lá àbúrò mi di súwẹ́tà náà mú. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má tú u o! Òun ni bàbá hun kẹ́yìn."

Mo ní, "Bàbá kì í jẹ́ kí irú èyí jáde ní ulé yìí."

Ó sunkún, ó sì gbé e fún mi.

Mo jókòó sórí àga wọn lémi nìkan, mo ń fa òwú náà, mo ń ká a jọ.