Ọjọ́ tí Ọkọ Mi Gun Òrùlé Ṣọ́ọ̀bù Mi

Òórùn bẹntiróòlù àti ti aṣọ tí ayọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Mabera nígbà náà. Èmi ń ránṣọ, ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e wá sí Sókótó láti Ògbómọ̀ṣọ́, òun náà la sì fi tọ́ àwọn ọmọ wa.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìwọ náà mọ bó ṣe rí. Epo gbówó lórí, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì rọlẹ̀ ládùúgbò. Ẹ̀rọ tí wọn ò tàn, báwo ni yóò ṣe bàjẹ́ tí wọn yóò fi gbé e wá fún ọkọ mi? Aṣọ Sallah ti kún ilẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi, epo tí mo ń rà sí jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ èrè mi tán. Àfi bí a ṣe gbọ́ pé ìjọba ti gbé ìrànwọ́ mìíràn kalẹ̀: oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá fẹ́ iná sólà, wọn yóò bá a san ìdajì. Mo forúkọ sílẹ̀.

“Èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni wọ́n wá ń fún ọ yìí,” ni ọkọ mi wí. “Bí ìyàwó èmi gan-an bá ń lo sólà, ta ni yóò tún gbé ẹ̀rọ wá fún mi?”

“Ẹ má bínú, Bàbá wọn. Àwọn oníbàárà ń retí aṣọ wọn.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ìjà lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé sólà náà sókè, ọkùnrin Hausa kan tó ń ṣiṣẹ́ sólà ló wá láti àdúgbò Kofar Doya, òun nìkan, nítorí ara ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò yá. Ọkọ mi jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń mu tíì. Ìgbà tó ku pánẹ́ẹ̀lì kan ni ìjì dédé dé, ó sì fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Mo figbe ta. Kí n tó mọ̀, ọkọ mi ti wà lórí àkàbà.

“Haba, malam, di ibẹ̀ mú!” ni ọkọ mi ké sí i.

Wọ́n jọ di pánẹ́ẹ̀lì náà mú, ọkọ mi ò sì tètè sọ̀kalẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn lórí páànù, òun ń béèrè ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ, ọkùnrin náà ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, ẹ̀rín ni mo ń gbọ́.

“Jẹnẹrétọ̀ ni ọkùnrin yẹn náà ń tún ṣe tẹ́lẹ̀,” ọkọ mi wí fún mi nígbà tó sọ̀kalẹ̀, eruku bò ó lójú. “Ó ní kí n wá máa bá òun lọ síbi iṣẹ́.”

Ó lọ lóòótọ́. Mo parí aṣọ Sallah lábẹ́ fáànù tí kò pariwo. Títí dòní, ọkọ mi ṣì ń tún jẹnẹrétọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ṣe, nítorí iṣẹ́ tiwọn ju agbára sólà kékeré lọ, ṣùgbọ́n òrùlé ló ń gùn lọ́pọ̀ ọjọ́.

Mo máa ń gbọ́ àwọn tó ń jiyàn lórí rédíò, bóyá epo ló yẹ kí ìjọba ná owó lé lórí ni tàbí oòrùn. Oòrùn lèmi fara mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé sólà kọ́ ló ń ba ọkọ mi lẹ́rù, bí kò ṣe pé kí ọwọ́ rẹ̀ má wúlò mọ́. Ẹni tí a bá fẹ́ gba iṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tuntun hàn án. Ọkọ mi rí ẹni fi hàn án, mo sì ń dúpẹ́.